Bí ọmọ bá ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà nílé, iṣẹ́ òbí pọ̀ sí i ni

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í jáde nílé lọ síléèwé. Orí kọ̀ǹpútà ni olùkọ́ ti ń kọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Florida dá Florida Virtual School sílẹ̀ lọ́dún 1997. Iléèwé ìjọba ni. Ọmọ tó bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà kì í san owó iléèwé.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò sí nínú ilé. Ọmọ lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, kó jẹ́ pé géèmù ló ń ṣe. Iléèwé máa ń fún òbí ní ọ̀nà tí yóò fi rí máàkì ọmọ àti iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Kí òbí máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ń jọ, kó pe olùkọ́ kíákíá. Kó má sì bá ọmọ ṣe iṣẹ́ náà o! Ta ni yóò bá a ṣe ìdánwò?

Ìyá àgbà tó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ lọ́hùn-ún náà níṣẹ́ ńbẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Kó jí ọmọ lásìkò, kó rí i pé ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì jókòó sídìí tábìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá parí, kó ní kí ọmọ sọ ohun tó kọ́ fún òun, ìbáà jẹ́ Yorùbá àdàlù mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ kò bá rí nǹkan kan sọ, kí bàbá rẹ̀ gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.