Títo Ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Orí Ìlà Títẹ̀ Nínú Àwòrán Tí Ń Rìn

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orí ìlà títẹ̀ nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán tí ń rìn, láìba àmì ohùn jẹ́. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò le. A ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, a ó fi Pen Tool fa ìlà sí ìpele ọ̀rọ̀ náà gan-an, a ó sì yan ìlà yìí lábẹ́ Path Options. First Margin ni ó ń mú ọ̀rọ̀ rìn.

Òkè lẹ́tà ni wàhálà wà, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó ń tẹ̀lé ìlà. Bí ìlà bá jẹ́ òbírí, tí ọ̀rọ̀ sì wà níta rẹ̀, orí àwọn lẹ́tà á yà síra. Bí ó bá wà nínú, orí wọn á fún pọ̀, àmì á sì máa gun ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da èyí. Ní tiwa, ta ni yóò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Ìta ni ó yẹ kí á fi í sí. Reverse Path ni a fi ń gbé e bọ́ síbẹ̀.

Unicode tún fún ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ńṣe ni a ń so àmì ohùn mọ́ wọn. Bí fọ́ǹtì kò bá gba ìsopọ̀ yìí dáadáa, àmì lè ṣí kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Kí olùkọ́ tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kíláàsì, kí ó fi ẹ̀kọ́ àti ọ̀kọ̀ dán ìlà náà wò, pàápàá níbi tí ó ti tẹ̀ jù.