Ọyẹ́, Ìtànná Igi àti Àyà Àwọn Ọmọ Wa ní Tin Can



Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ óò ṣàkíyèsí pé a kì í kírun Àsùbáà tán kí ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin nínú sáàfù má ti sín. Ti ẹlòmíràn kò mọ sí sísín: ojú a máa yún un, àyà a há, ikọ́ fée a sì gbé e dè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi tí ìyá kan ń sọ pé orogún òun ló ń ta ọmọ òun lọ́fà òru, nítorí pé lọ́dọọdún, ní ìgbà kan náà, ni àyà ọmọ náà ń há. Mo bi í léèrè pé, “Ìyá mi, orogún wo ló ń dúró de ọyẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ibi?” Àìsàn tó bá ń bá ìgbà rìn, ojú ọjọ́ ni kí a kọ́kọ́ bi.

Ẹni tó bá ti gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo rí ti rí ìyẹ̀fun tí ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó nìyẹn. Láti ara akọ ló ti ń lọ bá abo kí èso tó so. Àwọn igi náà ní tiwọn. Ti máńgòrò lẹ̀, ó sì wúwo, kòkòrò ló ń bá a gbé e, kì í fò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alákàn nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, casuarina tí ń súfèé létí òkun, àti gbogbo koríko, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi tiwọn lé lọ́wọ́. Ó fúyẹ́, ó sì pọ̀ lọ jàra. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń fi awò wo afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ti rí ìyẹ̀fun ọ̀pẹ àti ti koríko nínú rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Súrátùl-Híjìrì, áyà 22, mẹ́nu ba afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́hun ń rán láti mú nǹkan gboyún, àwọn onítáfúsírì sì ti ṣàlàyé pé ó kan ìkùukùu àti igi pẹ̀lú. Ẹ tún rántí hàdíìsì tí Ìmáàmù Mùsùlímù gbà wá nípa àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú ìyẹ̀fun akọ igi dàbínù sára abo. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò rò pé ó wúlò. Wọ́n pa á tì, èso kò sì dára. Ó wá sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ayé wọn jù. Ọ̀rọ̀ igi àti ojú ọjọ́, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí a ti gbọ́ ọ.

Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń la àpò ìyẹ̀fun. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, àpò a pa dé, ìyẹ̀fun a wúwo, a bọ́ sí ìdí igi. Bí oòrùn bá ràn tí gbogbo nǹkan gbẹ, àpò a là, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Òjò ló sì ń fọ̀ ọ́ kúrò lójú ọ̀run.

Nínú ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun ló ń fẹ́ sí Èkó. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ó sì ń ru eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀, pàápàá láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ní ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ètè a là, eruku aṣálẹ̀ àti ìyẹ̀fun igi a sì dàpọ̀ nínú èémí kan náà.

Ní ọ̀sán, ilẹ̀ a gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òkun a sì wọlé. Kó tó dé Ajégúnlẹ̀, ó ti gba orí èbúté Tin Can kọjá, èyí tí a ṣí ní 1977 lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì dí èbúté Èkó pa ní 1975. Èéfín dísẹ̀lì tírélà ń bá a bọ̀, èéfín yìí sì a máa mú kí ìyẹ̀fun òdòdó túbọ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ lára.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté mìíràn. Ní Barcelona, ilẹ̀ Sípéènì, láàrin 1981 sí 1987, ìgbà 26 ni ikọ́ fée ṣàdédé kọlu àwọn ará ìlú. Àṣé eruku ẹ̀wà sóyà ni, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń já a nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì rọra ń fẹ́ sí ìlú. Kì í ṣe ìyẹ̀fun òdòdó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Wọ́n fi asẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí, ó sì dáwọ́ dúró.

Ẹ ṣọ́ra fún ìjì pẹ̀lú. Ní Melbourne, ilẹ̀ Australia, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2016, ìjì àrá jà nígbà tí ìyẹ̀fun koríko pọ̀ lójú ọ̀run. Ọ̀rinrin fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó sì ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ènìyàn mẹ́wàá kú. Nítorí náà, bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ń ṣú bọ̀, kí ẹni tó ní ikọ́ fée wọlé, kó ti fèrèsé.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ máa gbọn ẹní mọ́sálásí síta, ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bo imú yín lọ́jọ́ ọyẹ́. Omi àlùwàlá tí à ń fín símú a máa ṣan eruku dànù, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn: ẹni tí dókítà fún ní oògùn fífà sẹ́nu, kó mú un dání lọ sí ọjà àti mọ́sálásí. Ẹ má bú afẹ́fẹ́, nítorí a ti kọ̀ ọ́ fún wa. Ẹ má sì tìtorí èyí gé ẹ̀gbà. Ilé ẹja ni, odi etí omi ni.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣe ní ní àǹfààní, kó sì tú àyà àwọn ọmọ wa sílẹ̀. Àmín.