Hítà tó ti gbó: ká tún un ṣe ni, àbí ká ra tuntun?

Hítà inú balùwẹ̀ kì í sábà dédé kú. Omi á kọ́kọ́ máa pẹ́ kó tó gbóná, bírékà á máa já, tàbí kí omi máa kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí púlọ́ńbà bá ní kí ẹ ra òmíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó kówó sílẹ̀: ṣé táńkì ló bàjẹ́ ni, àbí ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Irin tó ń mú omi gbóná lè jóná, pàápàá nílé tí omi táńkì òkè ti tán tí wọ́n sì tan hítà lófìfo. Omi kànga ẹ̀rọ mìíràn sì máa ń fi èèpá funfun bo irin náà títí á fi gbóná jù. Tẹ́mọ́sítáàtì tó ń já iná bí omi bá ti gbóná tó náà lè kú. Gbogbo èyí ò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ gbé hítà jù nù.

Ti táńkì ló yàtọ̀. Irin ni, ìpẹtà sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ki ọ̀pá magnesium sínú rẹ̀: magnesium máa ń tètè jẹrà ju irin lọ, òun ló ń jìyà kí táńkì má baà jẹ ẹ́. Bí ọ̀pá náà bá tán tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀, ó kan táńkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ wò ní ọdún méjì sí mẹ́ta.

Bí omi bá ń jò, ẹ nu gbogbo ara hítà gbẹ kí ẹ tó dájọ́, torí ó lè jẹ́ oríkèé páìpù lásán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara táńkì gan-an ló ń jò, ẹ ra tuntun. Wẹ́dà ò lè gbà á là mọ́. Hítà onítáńkì sábà máa ń lo ọdún 8 sí 12. Bí tiyín bá ti wọ ibẹ̀, tí owó àtúnṣe sì ju ìdajì owó tuntun lọ, ìpààrọ̀ ló dáa.

Ẹ má kàn rà á torí pé wọ́n ní yóò dín owó iná kù. Kí lítà omi 50 tó kúrò ní ìwọ̀n 25 dé 60 Celsius, bíi yúníìtì iná 2 ló ń gbà, ìbáà ṣe hítà tuntun tàbí ògbólógbòó. Ní náírà 225 fún yúníìtì kan, tí wọ́n kéde fún àwọn oníbàárà iná Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 450 nìyẹn. Ìbòrí tó ń dá ooru dúró nìkan ni tuntun lè fi sàn jù. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ wẹ̀ ló ń tan hítà kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀.

Ohun méjì ni kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí iná bá ń gbé yín nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ pa bírékà, kí ẹ pe oníná. Fáàfù ààbò lè máa kán díẹ̀ nígbà tí omi bá ń gbóná, torí omi gbígbóná máa ń wú. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dí i pa láé: bí omi tó ń wú kò bá rọ́nà jáde, táńkì lè bẹ́.