Ilé ń kéré, hóró ò bá a kéré: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́dẹ̀lì

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba Èkó ti ń lé ike àlòsọnù kúrò lọ́jà. Fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ ń lò ti gba tirẹ̀ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Òfin náà kò kọjá ààlà dé Alápòtí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n irú fóòmù yẹn náà ni a ń gbẹ́ ṣe òkè lórí mọ́dẹ̀lì ilé, náílọ́ọ̀nù sì ni koríko olówó ńlá tó ń ti òkè òkun wá. Kí ni kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní Yunifásítì Covenant àti Bells, l'Ọ̀tà níbí, wá máa lò?

Ìwọ̀n hóró ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Lórí mọ́dẹ̀lì 1:100, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Hóró iyẹ̀ pákó tó jẹ́ mílímítà 2 ti di koríko tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Gbé e sórí mọ́dẹ̀lì ẹ́sítéètì 1:500, ó di igbó tó ga ní mítà kan. Ìdí nìyí tí iyanrìn odò, tó jẹ́ ilẹ̀ gidi, fi ń ba mọ́dẹ̀lì jẹ́: lórí 1:200, hóró mílímítà kan ti di òkúta tó lè fọ́ táyà.

Fún títì, sáńpépà ló yà mí lẹ́nu jù. Hóró ara nọ́mbà 120 tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà. Lórí 1:100, ó di sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ inú ọ̀dà títì gẹ́lẹ́.

Fún koríko, iyẹ̀ pákó tí wọ́n ń dáná sun ní ṣọ́míìlì ni mo fara mọ́. Ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ èlùbọ́ kù ú, ẹ po ọ̀dà ògiri aláwọ̀ ewé mọ́ omi, kí ẹ fọwọ́ pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi mu ọ̀dà, kí ẹ sá a. Bó bá gbẹ, ẹ tún un kù, torí yóò ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ọ̀dà búráùn díẹ̀ dín títàn àwọ̀ ewé náà kù. Ohun tó jìnnà síni kì í tàn tó èyí tó wà nítòsí, bí ẹni tó ń wo ilé láti òkèèrè sì ni ẹni tó ń wo mọ́dẹ̀lì. Gọ́ọ̀mù káfíńtà tí ẹ fi lẹ iyẹ̀ náà mọ́ páálí, ẹ fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn páálí náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ká.

Lójú tèmi, owó tí ọmọ ná sórí koríko kò yẹ kó mú máàkì wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, hóró ni kí ẹ wọ̀n.