Ìkọ́fẹpadà lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ oríkèé ìbàdí fún òbí ọlọ́mọ kékeré

Ìkọ́fẹpadà lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ oríkèé ìbàdí ni àkókò tí ara fi ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí àwọn dókítà bá ti ṣe iṣẹ́-abẹ sí oríkèé tí ó so eegun itan mọ́ ìbàdí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń gba nǹkan bí oṣù 3 kí wọ́n tó lè rìn dáadáa; ti ẹlòmíràn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan. Bí aláìsàn náà bá ní ọmọ ọwọ́ tàbí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ sí ti arúgbó, nítorí pé ohun tí dókítà kà léèwọ̀ fún un gan-an ni ọmọ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Iṣẹ́-abẹ náà àti àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún

Orí eegun itan rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ó sì ń yí nínú ihò kan tí ó wà lára eegun ìbàdí. John Charnley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìpìlẹ̀ pípààrọ̀ oríkèé yìí lélẹ̀ ní ilé-ìwòsàn Wrightington ní ọdún 1962. Ó fi irin ṣe orí eegun, ó fi ike líle ṣe ihò rẹ̀, ó sì fi símẹ́ńtì eegun lẹ̀ wọ́n mọ́ ara. Àwọn àgbàlagbà tí oríkèé wọn ti jẹ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe é. Iṣẹ́-abẹ mìíràn wà tí Reinhold Ganz bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bern, ní Switzerland, ní ọdún 1984, fún àwọn tí ihò ìbàdí wọn kò jìn tó láti ìgbà tí a ti bí wọn. Nínú èyí, wọ́n ń gé eegun tí ó yí ihò náà ká, wọ́n á yí i kí ó lè bo orí eegun itan dáadáa, wọ́n á sì fi ìdè irin dè é. Obìnrin tí kò tíì pé 40 ọdún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe èyí.

Ní Nàìjíríà, ohun tí ó sábà máa ń gbé ọ̀dọ́ dé orí tábìlì iṣẹ́-abẹ yìí ni àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Nàìjíríà ni iye ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn náà ti pọ̀ jù lọ ní àgbáyé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé orí eegun itan mọ́, eegun náà á kú, á sì rún wọlé. Báyìí ni ẹni 25 tàbí 30 ọdún, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú, fi ń nílò oríkèé tuntun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kí ó sì yẹra fún òtútù ní gbogbo àkókò ìkọ́fẹpadà, kí ìrora eegun má baà tún dìde sí i.

Àwọn èèwọ̀

Bí dókítà bá gba ẹ̀yìn ìbàdí wọlé, èèwọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń fún aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12: kí ó má tẹ ìbàdí kọjá dígírì 90, kí ó má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí ó má sì yí ẹsẹ̀ tí a ṣe iṣẹ́ sí sínú. Iṣan tí a là kò tíì jinná, nítorí náà orí irin náà lè yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀. Èèwọ̀ ẹni tí a gba iwájú wọlé fún yàtọ̀, àwọn dókítà kan sì ti dẹ ọwọ́ lórí òfin wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni kí aláìsàn tẹ̀lé.

Ẹni tí ó bá mọ ilé Yorùbá yóò rí i pé òfin yìí kan ohun púpọ̀. Àpótí ìjókòó kéré jù. Ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí léwu. Káfíńtà lè kan àga onihò sí i. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣeé ṣe, ó sì dára kí ẹnìkan ti sọ fún àwọn àgbà ẹbí ṣáájú kí wọ́n tó wá kí i, nítorí pé ojú máa ń ti ọ̀dọ́ láti jókòó kí àgbà. Mùsùlùmí lè jókòó sórí àga kírun.

Pípọn ọmọ àti gbígbé ọmọ

Ìyá tí ó fẹ́ pọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọmọ má baà yọ́ bọ́ kí ó tó so ọ̀já. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kọjá dígírì 90. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ọmọ yóò tún kún ti ìyá, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún kan máa ń tó kílógíráàmù 9 tàbí 10. Nítorí náà, pípọn ọmọ wà lára ohun tí ó yẹ kí ó dúró pẹ́ jù lọ kí ìyá tó padà sí i. Ó yani lẹ́nu pé àṣà kan náà ń dáàbò bo ìbàdí ọmọ: ẹsẹ̀ ọmọ tí ó là sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí orí eegun jókòó dáadáa sínú ihò, nígbà tí dídì ọmọ le pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí ìyá jókòó sórí àga gíga tí ó ní apá, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Wíwẹ ọmọ lórí ẹsẹ̀ nínà, bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe é, kò bá àkókò yìí mu. Bí ìyá àgbà kò bá sí nílé, kí wọ́n gbé báàsì sórí tábìlì, kí ẹni tí ara rẹ̀ le wà nítòsí. Orí tábìlì náà ni kí wọ́n ti máa pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Ọmọ tí ó lè gùn lè gba orí àpótí gun bẹ́ẹ̀dì, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí a kò ṣe iṣẹ́ sí.

Ọmọ ọdún 2 sí 4 kò mọ ohun tí iṣẹ́-abẹ jẹ́. Ó lè rò pé òun ni ó ṣẹ ìyá tàbí bàbá tí kò fi gbé òun mọ́. Kí wọ́n sọ fún un ní ọ̀rọ̀ kúkúrú pé ẹsẹ̀ ń dun màmá, pé kì í ṣe òun ni ó fà á, kí wọ́n sì fi ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn hàn án. Ọmọ tí a ń rán níṣẹ́ kékeré, bíi kí ó gbé aṣọ wá, máa ń gbà á ju èyí tí a kàn ń lé sẹ́yìn lọ. Kí wọ́n kó ohun ìṣeré kúrò nílẹ̀ ṣáájú kí òbí tó dìde pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Oògùn àti àmì ewu

Oògùn ìrora líle ń kunni lóorun. Ẹni tí ó lò ó kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ sùn tì í. Ní ọdún 2017, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú má lo codeine tàbí tramadol, nítorí pé ó lè gba inú omi ọmú pa mímí ọmọ lára.

Bí ojúgun bá wú tí ó sì ń dun ènìyàn, bí èémí bá ń gé lójijì, bí ojú egbò bá ń ṣọyún, tàbí bí ẹsẹ̀ bá kúrú tí kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́, ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú ẹsẹ̀ lè rìn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn ọ̀la

Obìnrin tí a pààrọ̀ oríkèé rẹ̀ lè tún lóyún, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bí wẹ́rẹ́. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí oríkèé 58 nínú 100 ni ó ń lò tó ọdún 25. Ẹni tí ó ṣe é ní ọmọ 30 ọdún ṣeé ṣe kí ó tún un ṣe, ní ìgbà tí ọmọ tí kò lè pọ̀n lónìí yóò ti dàgbà tó láti gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.