Ọkọ̀ kò dáhùn láàárọ̀: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi

Ìdájí ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń kó èso lágbègbè Afijió. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọsàn tàbí ọ̀pẹ̀-òyìnbó láti Iware tàbí Fìdítì dé Ìbàdàn kí oòrùn tó mú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun nílé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹrù á ti kún ọkọ̀, àwọn olówò á ti jókòó, dírẹ́bà á wá ṣáná sí ọkọ̀, ohun tí yóò gbọ́ kò ní ju "kẹ́" lọ. Bí ọjọ́ bá fi lè kanrí kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, àdánù dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé, "Bátìrì ti kú." Wọn a wá owó kiri, wọn a ra tuntun, kò sì ní pẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò tún dákẹ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bátìrì tí wọ́n gbé sọnù lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bátìrì ló ń tọ́jú iná pamọ́, sítátà ló ń gba iná náà láti fi yí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, alternator á máa dá iná padà sínú bátìrì. Láyé àtijọ́, irin gígùn ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti iwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ẹlòmíràn lápá. Ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀ wọn. Ó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ irin yẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá ṣàárẹ̀, gbogbo ìrìn-àjò ló dúró.

Ohùn ọkọ̀ ló ń sọ ibi tí àrùn wà. Bí kò bá sí ohùn, tí iná kankan kò sì tàn, ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Wáyà ibẹ̀ lè ti dẹ̀, tàbí kí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun ti bò ó. Bó bá ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́" léraléra, tí iná iwájú sì ń kú lọ, iná bátìrì ti lọ sílẹ̀ tàbí orí rẹ̀ kò dì dáadáa. Bó bá dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ fura sí sítátà àti wáyà rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Ẹ lọ wo epo àti púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ tó sì ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ jíà kò ní dáhùn bí jíà rẹ̀ kò bá sí ní P tàbí N.

Mítà kékeré tí àwọn riwáyà ń lò ló ń parí àríyànjiyàn. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó kún yóò fi nǹkan bíi 12.6 volt hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ku nǹkan bí ìdajì. Bí kò bá tó 12, iná rẹ̀ ti tán. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bíi 13.8 sí 14.5 hàn. Bí kò bá tó 13, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni ẹ wò. Bí ẹ ra bátìrì tuntun mẹ́wàá sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ni yóò kú.

Ẹni tó fẹ́ yá iná lára ọkọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí bátìrì a máa tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Wáyà pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ orí tí wọ́n kọ + sí lára bátìrì tó kú, kí ẹ so orí rẹ̀ kejì mọ́ + ti èyí tó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà dúdú mọ́ − ti èyí tó dára, kí ẹ wá so orí rẹ̀ kejì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí. Bí omi bátìrì bá fà, omi tí wọ́n sẹ́ fún bátìrì ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga tàbí ásíìdì.

Bátìrì tó kú pátápátá kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, òjé inú rẹ̀ májèlé ni. Lọ́dún 2025, ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ òjé bátìrì pa ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi hàn pé òjé ti wọnú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn níbẹ̀. Bátìrì tí wọn kò bá sọ nù láìnídìí, ó dín ti ibẹ̀ kù nìyẹn.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ló dára jù láti ṣe àyẹ̀wò yìí. Kí dírẹ́bà fún orí bátìrì mọ́lẹ̀, kí ó pa rédíò àti gbogbo iná, kí ó ṣáná sí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹrù tó wọ inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Ó sàn ju kí ọsàn jókòó sínú oòrùn lọ.