Ilé Ìwòsàn Jìnnà sí Ibí

Aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù tí mo fi dé gáréèjì áńbúláǹsì káúńtì àrọko kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Alabama, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ooru oṣù keje ti gbalẹ̀. Òórùn bílíìṣì tí wọ́n fi nulẹ̀ lóru dà pọ̀ mọ́ ti epo díísù àti kọfí tó ti gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń han gooro lójú fèrèsé. Ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni gbogbo káúńtì gbójú lé.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nínú ọkọ̀ ni mo bá wọn, tí wọ́n ń yẹ àpótí wò níkọ̀ọ̀kan: wọ́n ṣí sílíńdà ọ́síjìn, wọ́n tẹ́tí sí bó ṣe ń fín, wọ́n tún un tì; wọ́n tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí, wọ́n dúró títí iná rẹ̀ fi tàn. Bí ọkàn bá dáṣẹ́ dúró lójijì, tí kò sẹ́ni tó tẹ àyà onítọ̀hún tàbí tó fi ẹ̀rọ yìí ta á, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń gé nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 kúrò nínú àǹfààní àtiyè rẹ̀. Àwọn oògùn ìrora tó le wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ méjì. Èèyàn méjì ló ń kà wọ́n.

Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sọ̀tàn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é, nígbà ọ̀dọ́. Àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti fi mọ́tò ìgbókùú gbé aláìsàn rí, torí ní ọ̀pọ̀ àrọko Amẹ́ríkà nígbà yẹn, òun ni mọ́tò tí èèyàn lè nà gbọọrọ sí. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ìlú Pittsburgh, ẹgbẹ́ Freedom House, tí Dókítà Peter Safar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1967, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé ìtọ́jú gidi lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó yẹ kí orúkọ wọn tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alabama yìí náà, nílùú Haleyville, ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1968.

Ni rédíò bá dún. Àyà ń dun àgbẹ̀ kan. Ọkọ̀ kan sì ti gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ńlá nígboro. Ọ̀gá fúnra wọn jókòó sídìí sítíárì.

A kúrò lórí ọ̀dà, a bọ́ sójú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́. Eruku bo gíláàsì ẹ̀yìn, fèrè ń ké, igi páìnì ń sá sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, òórùn ilé adìyẹ ńláńlá ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa, títí a fi rí obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ju táwẹ̀lì sókè. Kò sí nọ́ńbà lára ilé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

Ọkùnrin náà wà ní fàráńdà, òógùn bò ó. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kó rún aspirin lẹ́nu. Bébà jáde látinú ẹ̀rọ. Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pe hẹlikópítà. Ó balẹ̀ sí pápá lẹ́yìn ilé, koríko gbígbẹ ń fò lù wá lójú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́rọ̀ ẹnìkejì mọ́. Ó gbé e lọ.

Lọ́sàn-án, ìyá arúgbó kan ni, ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó dúpẹ́, ó ní òun ò lọ sílé ìwòsàn kankan. Medicare, ìṣedúró ìlera àwọn tó ti pé ọdún 65, ń sanwó ọkọ̀ bí wọ́n bá gbé aláìsàn. Wọn ò gbé ìyá yìí. Owó ò wọlé.

Mo bi ọ̀gá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí aráàlú mọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá pè kọ́kọ́ sọ ibi tó wà, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ìlà lè já. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nọ́ńbà náà, kí ẹ sì kọ́ wọn ní àdírẹ́sì ilé.